Igi ọsàn nínú ìkòkò: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé

Bí ara igi ọsàn kò bá yá, ewé ló máa ń fi sọ̀rọ̀: á pọ́n, á ká jọ, tàbí kó máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á bomi sí i, tàbí kí wọ́n da ajílẹ̀ lé e. Méjèèjì lè pa á. Nínú ilé, ìsàlẹ̀ ìkòkò, níbi tí ojú kò tó, ni àìsàn igi ọsàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìtọ́jú tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lépa: kí gbòǹgbò máa rí atẹ́gùn mí, kó sì lè máa gbé omi tó tó ohun tí ewé ń béèrè ránṣẹ́ sókè.

Igi wo ló yẹ kó wọlé?

Kì í ṣe gbogbo ọsàn ló gba inú ilé. Calamondin àti kumquat, oríṣi ọsàn kéékèèké méjì, ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ga jù, èso wọn sì kéré débi pé igi kékeré lè gbé e. Lẹ́móònù Meyer ló tẹ̀ lé wọn. Ìkòkò kò ṣàjèjì sí i rárá: inú ìkòkò ni wọ́n ti ń gbìn ín fún ẹwà ní Ṣáínà kí Frank Meyer tó kó o lọ sí Amẹ́ríkà ní 1908. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà máa ń ṣe dáadáa, àmọ́ òtútù tètè ń pa á. Ní ti ọsàn mímu ńláńlá, ó nílò ooru púpọ̀ fún oṣù púpọ̀ kí èso rẹ̀ tó dùn, ìyẹn sì ṣòro láti rí nínú yàrá. Lẹ́móònù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní wàhálà yẹn, torí kò sẹ́ni tó ń retí adùn lára wọn.

Bó bá jẹ́ èso lẹ ń wá, ẹ má gbin kóró. Igi tó hù láti inú kóró lè lo ọdún 5 sí 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó so, ẹ̀gún rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Igi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ ìdí igi mìíràn ni kí ẹ rà, ìyẹn ni pé wọ́n so ẹ̀ka ọsàn tí a fẹ́ mọ́ ìdí igi mìíràn títí tí méjèèjì fi di ọ̀kan. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí ibi tí ara igi ti wú díẹ̀, tàbí tó tẹ̀, tí èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò jọra. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ ọ. Èéhù yòówù tó bá yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ti igi ìdí ni, kì í ṣe ti ọsàn yín. Bí ewé rẹ̀ bá tún jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta lórí igi ewé kan, kò sí iyèméjì mọ́. Ẹ fọwọ́ ya á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò máa gba oúnjẹ mọ́ orí igi lọ́wọ́ títí tí yóò fi borí rẹ̀, ẹ ó sì wá máa bomi rin igi tí ẹ kò rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ewé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ sì wo oríkèé tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti ta igi ọsàn ni kí ẹ ti rà á. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní huanglongbing, kòkòrò kékeré kan ló ń gbé e láti igi dé igi, kò sì ní oògùn. Ìdí nìyí tí òfin fi de gbígbé igi ọsàn láti ibì kan sí ibòmíràn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ìkòkò àti erùpẹ̀

Ẹ wọn bí ìdì gbòǹgbò ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un. Ìkòkò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lò. Fún igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Àwọn kan á ní kí àwọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí àwọn sinmi, wọ́n á wá ki igi kékeré sínú ìkòkò ràgàjì. Erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé kò ní ẹni tí yóò fa omi inú rẹ̀ mu. Yóò máa rin ṣáá, yóò kan, gbòǹgbò tó bá sì yọjú síbẹ̀ yóò jẹrà.

Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò, ó kéré tán mẹ́rin tí ìka ọmọdé lè wọ̀. Ẹ má da òkúta sí ìdí rẹ̀. Wọ́n máa ń ní òkúta ń jẹ́ kí omi tètè sọ̀ kalẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í fi erùpẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àfi bí erùpẹ̀ tó wà lórí òkúta bá ti rin gbingbin. Ohun tí òkúta ṣe kò ju pé ó gbé ibi tó rin yẹn sókè sún mọ́ gbòǹgbò. Àwọ̀n kékeré kan lórí ihò ti tó láti má jẹ́ kí erùpẹ̀ dà jáde.

Ìkòkò amọ̀ ń mí lára, nítorí náà ó tètè ń gbẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí omi ló yẹ. Ìkòkò ike ń pa omi mọ́, ó sì dára fún ẹni tó máa ń gbàgbé.

Ní ti erùpẹ̀, ẹ má wa ilẹ̀ oko tàbí ti àgbàlá sínú ìkòkò. Yóò dì pa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ po erùpẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ń tà nínú àpò ní ìwọ̀n méjì, perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọ erùpẹ̀) ní ìwọ̀n kan, àti èèpo igi páìnì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ege rẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà kan, ní ìwọ̀n kan. Abọ́ kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbin igi náà, tí ẹ sì ti bomi rin ín dáadáa nígbà àkọ́kọ́, ẹ dánra wò: ẹ da lítà kan sí i. Omi gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán nísàlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá dúró rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ lórí bí adágún, ẹ tú u, kí ẹ fi perlite sí i. Àdàlù yìí sábà máa ń ní pH (ìwọ̀n bí erùpẹ̀ ṣe kan tó) tó wà láàárín 5.5 sí 6.5, èyí tó bá ọsàn lára mu.

Bí ẹ bá ń gbìn ín, gbòǹgbò tó wà lókè pátápátá ni kó wà ní ojú erùpẹ̀. Ẹ má rì í sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti lọ́ igi gbọ́dọ̀ yọ sókè dáadáa, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5. Bí erùpẹ̀ bá bò ó, ara igi á jẹrà níbẹ̀. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ létí ìkòkò kí omi lè rí ibi dúró kó tó wọlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀

Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú ilé ni kó wà, níbi tí oòrùn tààrà ti lè bà á, ó kéré tán wákàtí 6, wákàtí 8 ló dára jù. Ní ìdajì àríwá ayé, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni; ní ìdajì gúúsù, èyí tó kọjú sí àríwá. Ìtòsí fèrèsé ni o. Bí ẹ bá fi í sí mítà méjì sínú yàrá, ojú yín lè rí i pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò lè bọ́ igi ọsàn. Ẹ na ọwọ́ sókè orí ewé ní ọ̀sán, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn kedere, tí ẹ lè ka ìka, ìmọ́lẹ̀ tó. Bó bá rí fúlẹ́fúlẹ́, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, tàbí kí ẹ lo iná.

Iná LED funfun tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e kọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 sókè orí igi, kó máa tàn fún wákàtí 12 sí 14, kí ẹ sì pa á lóru. Ẹ máa yí ìkòkò ní ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á yọ, ẹ̀gbẹ́ kejì á pá. Ẹ̀ka tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ jìnnà síra, òùngbẹ ìmọ́lẹ̀ ló ń gbẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síta nígbà ooru, ẹ má gbé e látinú yàrá sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ewé tó hù nínú ilé yóò jóná lọ́jọ́ kan, yóò ní àpá funfun tí kò ní í lọ mọ́. Abẹ́ ìbòòji ni kó kọ́kọ́ wà, kí ẹ fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 mú un wọ inú oòrùn díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ó bá ń padà bọ̀ wálé.

Omi

Omi ló ń pa igi ọsàn inú ilé jù, kì í sì í ṣe àìrí mu. Ẹ má fi ọjọ́ ka omi. Ìkòkò kan náà lè fẹ́ omi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin nígbà ooru, kó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá ṣì ń rin níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tó tún dára ju ìka lọ ni ìwúwo: lọ́jọ́ tí ẹ bá bomi rin ín tán, ẹ gbé ìkòkò náà díẹ̀ kí ọwọ́ yín mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ máa gbé e bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan síra. Kò ní í pẹ́ tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n, tí ẹ kò ní í nílò ìka mọ́.

Nígbà tó bá wá tó àkókò, ẹ fún un lómi ní àmutẹ́rùn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó tutù nini. Ẹ rọra dà á yí gbogbo ojú erùpẹ̀ ká, kì í ṣe ojú kan, títí tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ á fi ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè gba lítà 2 sí 3. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ da omi tó kù nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Ìkòkò kò gbọ́dọ̀ máa jókòó sínú omi.

Kọ́ọ̀bù kan lójoojúmọ́ ni àṣà tó burú jù. Òkè erùpẹ̀ á máa rin, ìsàlẹ̀ á gbẹ táútáú, iyọ̀ inú ajílẹ̀ kò sì ní í rí ọ̀nà jáde.

Bí erùpẹ̀ bá ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò súnkì kúrò lára ìkòkò. Omi tí ẹ bá dà á á gba ẹ̀gbẹ́ sáré jáde, ẹ ó rò pé ó ti mu yó, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò kò rí nǹkan kan. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú garawa omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí tí òkè á fi rin, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kó ro dáadáa.

Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé igi tí òùngbẹ ń gbẹ àti igi tí omi ti pọ̀ jù fún, àwọn méjèèjì ni ewé wọn ń rọ. Bí omi bá tán, ewé á ká sókè bí ọkọ̀ ojú omi, á le gbagidi, ìkòkò á fúyẹ́. Bí ẹ bá bomi sí i, ara rẹ̀ á yá láàárín wákàtí mélòó kan. Bí omi bá pọ̀ jù, ewé á sọ kọ́ wálẹ̀, á pọ́n, á rọ̀, ìkòkò á wúwo, bí ẹ bá sì fi imú sún mọ́ ihò ìsàlẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn bíi ti ẹrẹ̀ ojú gọ́tà. Ẹ dá omi dúró. Ẹ dojú ìkòkò dé díẹ̀, kí ẹ fa ìdì gbòǹgbò jáde. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun tàbí kó rí bí igi tútù, ó sì máa ń le lọ́wọ́. Èyí tó ti jẹrà á dúdú. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á, èèpo ara rẹ̀ á bọ́ kúrò bí ìbọ̀sẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa kù. Gbogbo èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gé dé ibi tó ti dára. Ẹ gbin ohun tó kù sínú erùpẹ̀ tuntun nínú ìkòkò tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé ìdajì gbòǹgbò, ẹ dín ẹ̀ka náà kù ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ọn, kí ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù lè kápá ewé. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ títí tí ewé tuntun á fi yọ.

Ní ti gbígbẹ inú afẹ́fẹ́: fífọ́n omi sí ewé láràárọ̀ kò ṣe púpọ̀, torí kì í pẹ́ gbẹ. Ohun tó ṣe gidi ni kí ẹ gbé igi kúrò lójú ẹ̀rọ amúlémóoru àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Nígbà òtútù, tí ewé bá ń já bọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ igi ọsàn ti ń kú ní àwọn ibi tí òtútù ti ń mú gan-an, ó sì yẹ kí ẹ lóye ohun tó fà á. Bí erùpẹ̀ inú ìkòkò bá tutù tó dígírì 13 Celsius, tàbí tó lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, iṣẹ́ gbòǹgbò ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá. Àmọ́ oòrùn tó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé ń mú ewé gbóná, ewé sì ń béèrè omi. Gbòǹgbò tí òtútù ti mú kò lè fèsì. Kí igi má baà gbẹ kú, á já ewé rẹ̀ dànù, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó ni igi á rí i, á ní omi ló ń wá, á bomi sí i. Omi tútù nínú erùpẹ̀ tútù, gbòǹgbò tí kò ṣiṣẹ́: ìjẹrà dé nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ yan ọ̀nà kan nínú méjì, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èkíní, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò àti ewé gbóná pọ̀. Ẹ ki tẹmọmítà bọ inú erùpẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárọ̀. Ó yẹ kó wà ní dígírì 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tàbí òkúta ṣe máa ń fa ooru kúrò lára ìkòkò, nítorí náà ẹ gbé e lé àga tàbí pátákó. Ẹní oníná tí wọ́n fi ń mú ìdí ohun ọ̀gbìn gbóná náà wà, ó sì wúlò púpọ̀. Ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé bí oòrùn bá ti le jù. Èkejì, ẹ jẹ́ kí méjèèjì sinmi: yàrá tútù tó wà ní dígírì 7 sí 12, tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í ràn tààrà sí i, omi díẹ̀, ajílẹ̀ rárá. Igi á dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ di ìgbà tí ooru bá padà. Ẹ má jẹ́ kí òtútù yàrá náà débi tí omi ti ń dì, àgàgà bó bá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́.

Bí gbogbo ewé bá ti lọ, ẹ má tíì sọ igi nù. Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, ó ṣì wà láàyè. Igi tí kò léwé kì í mu omi púpọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba tí erùpẹ̀ kò fi ní í gbẹ pátápátá ni kí ẹ máa fún un. Ẹ mú ìdí rẹ̀ gbóná, kí ẹ sì ní sùúrù fún oṣù kan tàbí méjì.

Ajílẹ̀, àti ewé tó pọ́n

Ajílẹ̀ tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú NPK rẹ̀ (nitrogen, phosphorus àti potassium, bí wọ́n ṣe tò wọ́n sára àpò) pọ̀ ju méjì yòókù lọ ni kí ẹ lò, irú èyí tó rí bíi 3-1-2, kó sì ní irin, zinc, manganese àti magnesium nínú. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ lo ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí igi bá ń yọ ewé tuntun. Bí kò bá dàgbà, ẹ dáwọ́ dúró. Orí erùpẹ̀ tó ti rin ni kí ẹ dà á sí. Lórí erùpẹ̀ gbígbẹ, á jó gbòǹgbò. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé ìkòkò lọ sí balùwẹ̀, kí ẹ da omi lásán tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìkòkò ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Ìkòkò lítà 10, omi lítà 30. Ìyẹ̀fun funfun tó ń dì sí ojú erùpẹ̀ àti ṣóńṣó ewé tó ń jó ni àmì pé iyọ̀ ti pọ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ewé tó pọ́n ṣe rí: ẹ wo èyí tó pọ́n, kí ẹ sì wo ibi tó ti pọ́n, kí ẹ tó ra oògùn. Bó bá jẹ́ ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló pọ́n látòkè délẹ̀, nitrogen ló kù díẹ̀ káàtó. (Bó bá jẹ́ ewé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ogbó ni, ẹ fi í sílẹ̀.) Bí ewé àgbà bá pọ́n létí, tó wá ku igun mẹ́ta tútù kan níbi ìdí ewé, magnesium ni: ẹ po iyọ̀ Epsom (iyọ̀ tó ní magnesium nínú) ṣíbí tíì kan mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fi bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù méjì. Bó bá jẹ́ ewé tuntun ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù bí àwọ̀n, irin ni kò rí gbà. Bí ewé tuntun bá kéré, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àbàwọ́n láàárín iṣan, zinc ni.

Ọ̀rọ̀ irin gba àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, irin wà nínú erùpẹ̀ o, gbòǹgbò ni kò lè gbé e, yálà torí ó tutù, tàbí ó rin jù, tàbí torí omi ẹ̀rọ tó ní ẹfun púpọ̀ ti gbé pH ga ju 7 lọ. Ẹ yanjú òtútù àti omi ná. Bó bá jẹ́ ti omi, omi òjò ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì lo chelated iron (irin tí wọ́n so mọ́ èròjà tó ń jẹ́ kí gbòǹgbò lè gbé e) irú EDDHA, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí pH ti ga. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi mọ̀ bó bá ti yanjú. Èyí tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ lè má tutù mọ́ pátápátá.

Kòkòrò

Bí ewé tàbí ilẹ̀ abẹ́ igi bá ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tàbí tí èèrà bá ń gun igi lọ gun igi bọ̀, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Oríṣi kan rí bí èépá pupa-dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé àti lára ẹ̀ka. Kì í rìn, ẹ lè rò pé ara igi ni, àfi tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́ tó ṣí. Òmíràn rí bí òwú funfun ní oríkèé ewé. Ẹ̀kẹta kéré débi tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i: ewé á kún fún tó-tò-tó funfun, okùn bíi ti aláǹtakùn á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọn ewé náà sórí pépà funfun. Bí tó-tò-tó kan bá ń rìn lórí rẹ̀, òun nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fẹ́ràn jù.

Ẹ gbé igi náà kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú erùpẹ̀, kí ẹ fi omi ṣáwà fọ abẹ́ gbogbo ewé. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi òwú tí ẹ ti rì sínú sípírítì ìdá 70 nínú 100 nù ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ olómi tí kò ní òórùn tàbí àwọ̀, mílílítà 5, mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fọ́n ọn sí igi nírọ̀lẹ́ títí tí abẹ́ ewé á fi máa kán tó-tó. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kọ́ o, ìyẹn á jó ewé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé méjì di ọjọ́ kejì. Ẹ fi omi lásán ṣan án lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, ẹ tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7 mìíràn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ọṣẹ kì í pa ẹyin, bí iná kò bá sì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun dúdú bí ìdí ìkòkò ìdáná tó máa ń hù sórí ewé, orí ìdọ̀tí dídùn tí kòkòrò ń yọ ló ti ń hù. Bí kòkòrò bá tán, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ó parí. Ní ti eṣinṣin kéékèèké tó ń fò lórí erùpẹ̀, ẹ jẹ́ kí òkè erùpẹ̀ gbẹ dáadáa láàárín omi kan sí èkejì.

Òdòdó, èso àti ẹ̀ka

Bí òdòdó bá ń já bọ́, ẹ má dààmú. Igi ọsàn máa ń tan òdòdó ju iye èso tó lè gbé lọ fíìfíì. Nínú ilé tí oyin kò dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tọ́ àárín òdòdó kan dé òmíràn lọ́sàn-án, ní ọjọ́ mélòó kan léra. Igi kan ṣoṣo ti tó. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má fi èso ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lórí igi kékeré. Lẹ́móònù máa ń lo nǹkan bí oṣù 6 sí 9 kó tó gbó, nítorí náà kí ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé e, torí fífà lè ya èèpo ẹ̀ka.

Gígé ẹ̀ka kò le: èyí tó gbẹ, èyí tó ń gbo ara òmíràn, èyí tó gùn jáde jù. Nígbà tí ìdàgbà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló dára jù.

Pípààrọ̀ erùpẹ̀

Ní ọdún méjì sí mẹ́ta, èèpo igi inú erùpẹ̀ á ti jẹrà, àyè atẹ́gùn á ti dínkù. Bí gbòǹgbò bá ń yọ nísàlẹ̀, tàbí tí omi kò wọlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àkókò tó. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí ewé tuntun ń yọ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ bomi rin ín ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fa á jáde, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú gbòǹgbò tó ti ká yí ìdí ìkòkò, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ àtijọ́ tó wà létí àti nísàlẹ̀ dànù. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí igi tóbi mọ́, ẹ gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ gé ẹ̀ka ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì dá a padà sínú ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ kó dàgbà sí i, ìkòkò tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 fẹ̀ jù ú lọ ni. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti erùpẹ̀ wọ àárín gbòǹgbò kí àlàfo má baà kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagbaagba. Ẹ bomi sí i títí tí yóò fi ṣàn jáde, kí ẹ má jẹ́ kí oòrùn tààrà bà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.